Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Makaróní Aládìẹ Onímílíìkì Nínú Ìkòkò Pírẹ́ṣọ̀ Oníná

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó jókòó ní oṣù tó kọjá, ìwé mẹ́sàn-án ni wọ́n bá lórí tábìlì tí àwọn tó kọ ọ́ ń bèèrè owó láti fi ra ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tí ń lo iná mànàmáná. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ìyá olóúnjẹ. Ohun tó ya ìgbìmọ̀ lẹ́nu ni pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ se nǹkankan nínú rẹ̀ rí. Àwọn kan rí i lọ́wọ́ ọmọ wọn tó ti òkè òkun dé, àwọn kan rí i nínú fóònù, níbi tí wọ́n ti ń fi se makaróní funfun tó kún fún wàrà àti adìẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa tí a wà nídìí ẹ̀kọ́ lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ẹnikẹ́ni. A yá ìkòkò kan, a ra adìẹ, a sì sè é ní Sátidé mẹ́ta tẹ̀léra ní ilé ìpàdé wa. Ti àkọ́kọ́ jóná. Ti ẹ̀ẹ̀kejì bẹ́ sókè àjà. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni a jẹ.

Ohun tó wà nínú ìkòkò náà

Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Denis Papin ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1679. Eegun líle ni ó ń sè nínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, òun náà ni ó sì fi ihò kékeré kan sí i tí ooru lè gbà jáde kí ìkòkò má baà bú gbàmù. Àwọn ìyá wa kan ní irú rẹ̀ tí a ń gbé ka orí sítóòfù, tí ń súfèé bí ẹni ń pe ajá. Èyí tí ń lo iná dé lẹ́yìn, òkìkí rẹ̀ sì wá kàn gidi lẹ́yìn 2010, ọdún tí ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà gbé Instant Pot jáde. Oríṣiríṣi ló ti wà lórí igbá báyìí, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tí a gbé kaná nínú ìkòkò lásán kì í gbóná ju 100 dígíríì lọ, bó ti wù kí ẹ koná tó. Bó bá ti ń hó, ooru tó ń jáde ni yóò máa gbé gbogbo iná tí ẹ ń fi kún un lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìkòkò pa pinpin, ooru kò ní ríbi gbà. Yóò máa ti omi mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó tètè hó, omi yóò sì gbóná dé bíi 115 dígíríì. Dígíríì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Jos rí yóò mọ òdìkejì rẹ̀: ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, omi a máa hó níbẹ̀ kí ó tó dé 100, ẹ̀wà a sì máa pẹ́ lórí iná títí tí yóò fi sú onílé.

Kí ẹ tó bèèrè iye ìṣẹ́jú, ẹ bèèrè irú adìẹ

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ inú fóònù ti ṣì wá lọ́nà. Adìẹ tí àwọn òyìnbó ń gé wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò pẹ̀lú makaróní, tí méjèèjì jọ ń jinná ní ìṣẹ́jú márùn-ún, adìẹ bùrọ́ílà ni, tí kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àyà rẹ̀ tí kò léegun ni wọ́n sì ń lò. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà nítorí pé ó lẹ́ran tó sì dùn lẹ́nu, adìẹ léyà tó ti gbó ni, ìyẹn èyí tó ti yé ẹyin títí tó fi sú olówó rẹ̀. Ẹran rẹ̀ yi. Adìẹ ìbílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Adìẹ dídì tí wọ́n ń gba ẹnubodè kó wọlé ńkọ́? Ìjọba ti fòfin dè é láti 2003, ẹni tó bá sì ń rà á kò mọ iye ọjọ́ tó fi yọ́ tó tún fi dì lójú ọ̀nà. A kò lò ó.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, a ṣe gẹ́gẹ́ bí fóònù ti wí. Léyà, makaróní, omi, mílíìkì, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú náà tí ó fi ń ké, tí ó kọ BURN sójú rẹ̀. Ìdí ìkòkò ti jóná. Mílíìkì ni ó fà á: ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ àti ara rẹ̀ tó nípọn a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni iná sì wà. A fi omi sí i, a tún un gbé, makaróní di ẹ̀kọ, adìẹ ṣì ń ta pọ́nyán lẹ́nu bí rọ́bà kẹ̀kẹ́. Bàbá wa kan tó jẹ́ àgbà nínú ìgbìmọ̀ ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àmàlà kì í jóná báyìí. A gbà fún un.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé adìẹ léyà àti makaróní kò lè bá ara wọn rin ìrìn kan náà. Adìẹ yóò lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lábẹ́ ìdérí, makaróní kò gbà ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Nítorí náà, adìẹ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, òun nìkan. Omi rẹ̀ ni a ó fi se makaróní. Mílíìkì ni yóò wọlé kẹ́yìn, nígbà tí ìdérí bá ti kúrò lórí ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ìdérí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì

Sátidé kejì, a ṣe ti adìẹ dáadáa, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ojúkòkòrò wá wọ̀ wá, a da ọ̀rá makaróní méjì lé e, ìkòkò kún kọjá ìdajì. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé, a fi ọwọ́ ṣí ihò ooru lẹ́ẹ̀kan náà wàì. Ìfóòfó funfun tú jáde pẹ̀lú ooru, ó bẹ́ dé òkè àjà, ó sì dà sí ọwọ́ ìyá kan nínú wa tó na apá kọjá orí rẹ̀. Títí di ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá náà fi ń fi aṣọ di ọwọ́. A dúpẹ́ pé kì í ṣe ojú.

Makaróní, ìrẹsì, ẹ̀wà, gbogbo nǹkan tó bá ń wú tàbí tó bá ń fóòfó, kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Ẹran àti omi lásán lè dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró ṣíbí kan nínú omi makaróní a máa dín ìfóòfó kù. Bí ìṣẹ́jú bá pé, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ṣíbí onígi gígùn ti ihò ooru díẹ̀, kí ẹ tún un dé, kí ẹ tún un ṣí, títí tí yóò fi dákẹ́. Ọwọ́ yín àti ojú yín kò gbọdọ̀ wà lókè rẹ̀. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wà nítòsí.

Lórí ìdérí náà, irin kékeré kan wà tí ń gbéra sókè bí agbára bá ti kún inú ìkòkò. Níwọ̀n ìgbà tí irin yẹn bá ṣì wà lókè, ìdérí kò ní ṣí, ẹ má sì bá a jà. Àwọn kan ti fi ọ̀bẹ yọ ọ́ rí nítorí pé ebi ń pa wọ́n. Ẹ dúró kí ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà tó yí etí ìdérí ká ńkọ́? Ẹ máa yọ ọ́ fọ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Rọ́bà tó ti sán kò lè di ooru mú, ìkòkò yóò kàn máa fọn ooru jáde, omi yóò gbẹ, ìdí yóò jóná. Ihò ooru náà, ẹ máa wò ó kí makaróní tàbí ewé táìmù má baà dí i.

Bí a ti ṣe sè é ní Sátidé kẹta

Ìkòkò oní-lítà mẹ́fà ni a lò. Adìẹ léyà kílò kan, ọ̀rá makaróní kan tó jẹ́ 500 giráàmù, àlùbọ́sà ńlá kan, aáyù orí mẹ́ta, ata rodo méjì, kọ́rì àti táìmù díẹ̀díẹ̀, iyọ̀, bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì, agolo mílíìkì olómi kan, àti ògì ṣíbí kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, a ó dé orí ọ̀rọ̀ ògì náà.

A tẹ bọ́tìnnì tó wà fún dídín, a da òróró díẹ̀ sí i, a yí àlùbọ́sà, aáyù àti adìẹ nínú rẹ̀ títí adìẹ fi pọ́n díẹ̀ lára. A da omi sí i, igo omi oní-75cl méjì kò kún tán. Kí a tó dé e, a fi ṣíbí onígi ha ìdí ìkòkò mọ́ tónítóní, nítorí ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni yóò tún kọ BURN fún wa. A fi èròjà àti iyọ̀ sí i, a dé e, a pa ihò ooru dé, a fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ rántí pé ìkòkò kì í bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú títí tí yóò fi gbóná tán, ìyẹn nìkan lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ní “ọgbọ̀n ìṣẹ́jú” fún oníbàárà láìka èyí mọ́ ọn, ó ti purọ́ láìmọ̀. Bùrọ́ílà kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o.

Lẹ́yìn tí ó pé, a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹran tí a bá ṣí lójijì a máa le. A kó adìẹ jáde, a ya ẹran rẹ̀ kúrò lára eegun. A wọn omi rẹ̀: igo 75cl kan àti ààbọ̀ ni ọ̀rá makaróní kan ń fẹ́, kò gbọdọ̀ dín, bó bá sì lé, kí ẹ bu èyí tó lé sápá kan, yóò wúlò. A dá omi náà padà, a fi ṣíbí òróró kan sí i, a da makaróní lé e lórí, a fi ṣíbí tì í wọ abẹ́ omi. A kò rò ó.

Iye ìṣẹ́jú makaróní wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ dá a sí méjì, kí ẹ yọ ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ mẹ́wàá síbẹ̀, mẹ́rin ni tiyín. Ti súpàgẹ́tì, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ẹ sì tò ó bí ẹni ń to igi ìdáná, ọ̀kan kọjá lórí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lẹ̀ pọ̀ di ìdì kan.

Nígbà tí a ṣí i, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá pé a ti bà á jẹ́. Kò bàjẹ́. A tẹ bọ́tìnnì dídín sí ìwọ̀n tó kéré jù, a fi bọ́tà sí i, a ń da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, a ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni ògì tí a ti pò mọ́ omi tútù wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ògì tuntun tí kò tíì kan. Àwọn òyìnbó ń lo kọ́n fúláwà, bẹ́ẹ̀ àgbàdo kan náà ni ògì, ọ̀mì àgbàdo tí a ti sẹ́ ni. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ki, ó ń dán. A dá adìẹ padà, a pa iná. Ó tún ki sí i nígbà tó ń tutù, nítorí makaróní kò dẹ́kun àtimu omi. Omi adìẹ tí ẹ bù sápá kan ni ẹ ó fi tú u.

Ọ̀rọ̀ wàrà díẹ̀. Ìlànà tí a rí ń fẹ́ ọ̀rá mílíìkì tútù tí wọ́n ń pè ní kírímù, ó wọ́n, kì í sì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ bí iná bá lọ. Agolo mílíìkì ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé Alfredo di Lelio, olóúnjẹ ará Róòmù tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú oúnjẹ yìí, bọ́tà àti wàrà ilẹ̀ wọn nìkan ni ó ń lò, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi kírímù kún un. Wàrà àwọn Fúlàní tiwa, èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní wàgásí, kì í yọ́ bó ti wù kó gbóná tó, nítorí náà ẹ má retí pé yóò di ọbẹ̀. Ẹ gé e, ẹ dín in, kí ẹ fi lé e lórí. Ó dára púpọ̀. Àwọn tí mílíìkì máa ń rú nínú, tí wọ́n pọ̀ láàárín wa, omi àgbọn tó ki ni kí wọ́n fi dípò rẹ̀, òun náà kẹ́yìn. Ẹ má fi tòmátì sí i, kíkan rẹ̀ lè mú kí mílíìkì dì kóró-kóró.

Iná ńkọ́?

Ìkòkò wa ń lo 1,000 wọ́ọ̀tì, èyí ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ohun tó bá jẹ 1,000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan gbáko ni mítà ń kà ní yúníìtì kan. Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí kì í tàn fún gbogbo àkókò náà. Bó bá ti gbóná tán, ń ṣe ni ó ń tàn tí ó ń kú. Nítorí náà gbogbo oúnjẹ tí a ṣàlàyé yìí kò jẹ tó yúníìtì kan. Ẹ wo ohun tí yúníìtì kan jẹ́ lórí mítà tiyín, kí ẹ fi wé gáàsì tàbí èédú tí yóò se léyà fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Àwa kò kọ iye owó síbí, nítorí kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé, iye náà á ti yí padà.

Ìyẹn bí iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò lórí rẹ̀ láti 2005, bá wà. Bí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fà ní okùn, tí agbára rẹ̀ kò ju 650 wọ́ọ̀tì lọ, kò lè gbé e. Ẹ má dán an wò. Wáyà ẹsítẹ́ńṣàn tín-ín-rín náà, rárá.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ra ìkòkò kan lọ́wọ́ oníṣòwò tí a kò ní dárúkọ, ó mọ́, ó tutù bí tuntun. Ó kì í bọ ògiri, ó dún páù, èéfín sọ. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ìdí ìkòkò sókè kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ yín lọ. Owó ẹ̀yáwó ni o, ẹ ó san án padà yálà ìkòkò ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ṣé ó yẹ kí olóúnjẹ yáwó rà á?

Ohun tí ìgbìmọ̀ rán wa nìyí, a ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọ̀rá makaróní kan àti adìẹ kílò kan ti gba ìdajì ìkòkò oní-lítà mẹ́fà. Abọ́ márùn-ún ni a bù níbẹ̀, mẹ́fà bí a bá ṣahun. Ẹni tó ń ta ọgọ́ta abọ́ lóòjọ́ yóò sè é nígbà mẹ́wàá, ilẹ̀ yóò sì ti ṣú. Yàtọ̀ sí èyí, makaróní onímílíìkì kì í ṣe oúnjẹ tí a ń gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wákàtí méjì bá ti kọjá láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kò yẹ kí ẹ tà á mọ́, lọ́jọ́ tí oòrùn bá sì mú, wákàtí kan ti tó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò kí ó máa móoru, kò ní bàjẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n makaróní yóò rọ̀ di ẹ̀kọ.

Ibi tí ìkòkò yìí ti ń pa owó ni ara ohun tó yi. Ẹ fi se adìẹ léyà nìkan, ó gbà tó kílò méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi se ṣàkì, ẹ fi se ẹ̀wà. Makaróní tiyín, ẹ sè é nínú ìkòkò ńlá lásán lórí gáàsì, ẹ po omi adìẹ, mílíìkì àti ògì lọ́tọ̀, kí ẹ máa dà á pọ̀ bí oníbàárà bá ti ń dé. Bẹ́ẹ̀ ni àwa yóò ṣe bí ó bá jẹ́ tiwa.

Nítorí náà, nínú àwọn ìyá olóúnjẹ márùn-ún tó kọ̀wé, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ti méjì, ọ̀kan ń ta ẹ̀wà, èkejì ń ta ọbẹ̀ onírúurú ẹran. Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ fi ta makaróní ni a ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá sè é níwájú wa, kí wọ́n fúnra wọn ka abọ́ tó bá jáde. Àwọn mẹ́rin yòókù tó ń fẹ́ ẹ fún ilé wọn, lábẹ́ owó ohun èlò ilé ni kí wọ́n tún ìwé wọn kọ, kì í ṣe lábẹ́ owó ọjà, nítorí ọdún tí a ó fi san án àti èlé rẹ̀ kò dọ́gba.

Ìkòkò náà ṣì wà lọ́wọ́ akápò títí di ìparí oṣù. Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá gba ìdáwó tán, a ó tún un sè. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kí ó mú adìẹ tirẹ̀ wá, kí ó sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ bóyá léyà ni tàbí bùrọ́ílà.